Bí Mo Ṣe Tukọ̀ Dé Òkun Yìnyín

Tí ẹ bá ti gbọ́ lẹ́nu àwọn ará Woolwich pé béárì lé mi, irọ́ ni. Béárì kan wò mí láti òdìkejì odò, ó fa imú, ó sì bá tiẹ̀ lọ. Ẹ̀fọn ló lé mi. Mi ò ní in lọ́kàn tẹ́lẹ̀ láti kọ nǹkan kan sílẹ̀, àmọ́ láàárín oṣù mélòó kan yìí, ìtàn náà ti ga ju èmi tí mo lọ lọ. Lọ́jọ́ Sunday tó kọjá, ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa gbá mi lápá mú, ó ní, "Mummy Tóbi, ṣé lóòótọ́ ni pé ẹ jẹ ẹran erinmi ní tútù?" Kì í ṣe erinmi. Ẹ ní sùúrù, màá dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kí èmi náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í bù mọ́ ọn.

Máàpù ara ògiri

Ìlàjẹ ni wọ́n bí mi sí, ní abúlé kan tí gbogbo ilé rẹ̀ dúró lórí òpó nínú omi. Tí iyọ̀ bá tán lọ́wọ́ ìyá mi, ọkọ̀ la fi ń lọ tọrọ rẹ̀ nílé kejì. Bàbá mi máa ń gbẹ́ ọkọ̀. Àjẹ̀ àkọ́kọ́ tó gbẹ́ fún mi kò tóbi ju orógùn lọ, mo sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi gbá omi kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń di irun. Títí di òní mo ṣì ń gbọ́ ìró àáké rẹ̀: kó, kó, kó, á dákẹ́, á fọwọ́ ra igi náà bí ẹni ń fọwọ́ ra orí ọmọ, kó, kó.

Mo dé Lọ́ńdọ̀nù, mo di carer. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn arúgbó ni mò ń wẹ̀ ní Thamesmead, mò ń wọ bọ́ọ̀sì kọjá lára ògiri ọgbà ẹ̀wọ̀n Belmarsh láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, mi ò sì fọwọ́ kan àjẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ọ̀kan nínú àwọn tí mo tọ́jú ni bàbá òyìnbó kan tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Máàpù odò kan wà lára ògiri yàrá rẹ̀, odò kan ní òkè réré Kánádà tó ń ṣàn lọ sínú Òkun Yìnyín. Ó ti tukọ̀ níbẹ̀ nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Bí mo bá kúnlẹ̀ láàárọ̀ tí mò ń fi ìbọ̀sẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀, máàpù yẹn ni ojú mi máa ń wò. Lọ́jọ́ kan ó sọ fún mi pé, "Láti orísun odò yẹn títí dé òkun, kò sí afárá kan ṣoṣo." Nínú bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ náà, mi ò rí ohun míì rò. Abúlé tèmi náà kò ní afárá.

Kò pẹ́ sígbà náà, mo ń kọjá létí adágún omi kan nítòsí ilé wa, mo rí àwọn kan tí wọ́n ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tukọ̀. Ọ̀gbẹ́ni kan di àjẹ̀ mú bí ẹni di ìgbálẹ̀ mú. Ẹ̀rín bú lẹ́nu mi. Obìnrin tó ń kọ́ wọn yíjú, ó ní, "Ṣé ẹ fẹ́ gbìyànjú ni?" Aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn mi. Mo bọ́ bàtà, mo wọnú ọkọ̀. Apá mi ló kọ́kọ́ rántí. Èmi fúnra mi ṣì ń ronú nígbà tí ọkọ̀ ti dé àárín omi.

Ó gbà mí ní ọdún márùn-ún, àti ọ̀pọ̀ odò tútù ní Sìkọ́tílándì, kí n tó lè sọ fún Tóbi ọmọ mi pé mo fẹ́ lọ tukọ̀ lódò ara máàpù yẹn, èmi nìkan. Bàbá tó ni máàpù ti kú nígbà náà. Ibí ni wọ́n bí Tóbi sí. Ó gbọ́ Yorùbá, àmọ́ bó ṣe wù ú ló ń sọ ọ́.

"Mum, ṣé o ń joke ni?" ó ní. "Àwa kì í ṣe irú nǹkan báyìí. White people ló ń lọ kú sínú ice."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ? Inú ọkọ̀ ni wọ́n bí ìyá ìyá ẹ sí."

"Tí nǹkan bá wá ṣẹlẹ̀ sí ẹ ńkọ́? Ta ni mo ní?"

Èmi àti òun nìkan la jọ wà. Kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Inú ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan ní Thamesmead West ni ṣọ́ọ̀ṣì wa wà. Ní Sunday tó ṣáájú ìrìn-àjò mi, Bàbá Wòlíì ta òróró sí mi lórí, ó ní omi tó gbé mi lọ náà ni yóò gbé mi bọ̀, gbogbo ìjọ ṣe àmín. Lẹ́yìn ìsìn ló wá rọra sọ sí mi létí pé, "Ṣùgbọ́n, Mummy, ṣé kò sí omi ní Kent níbí ni?"

Ìdákẹ́jẹ́

Bàálù kékeré tó ń balẹ̀ sójú omi ló gbé èmi àti ọkọ̀ mi dé òkè odò náà ní Kánádà. Awakọ̀ rẹ̀, géńdé kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, bá mi kó ẹrù sí èbúté, ó wá na ìka sí ọ̀kan nínú àwọn àpò náà.

"Kí ni nǹkan funfun tó kún inú èyí?"

"Gàrí ni."

"Ṣé ó dùn?"

"Ó máa ń wú."

Ó rẹ́rìn-ín, ó bọ̀ mí lọ́wọ́. "Ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ ò fi ní rí èèyàn," ó ní. "Ṣé ẹ mọ̀?" Mo ní mo mọ̀. Irọ́ ni. Kò sẹ́ni tó lè mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ìró bàálù náà tín-ín-rín, ó tún tín-ín-rín sí i, ó tán. Ní Thamesmead, a máa ń sọ pé ibi gbogbo parọ́rọ́, síbẹ̀ fíríìjì ń kùn, mọ́tò ń kọjá, aládùúgbò ń fọ àwo. Níbẹ̀, ìró ẹ̀jẹ̀ ara mi ni mò ń gbọ́ létí. Kò sí igi kan tó ga ju orúnkún mi lọ. Ilẹ̀ náà tẹ́ lọ bí ẹní títí ó fi kan ojú ọ̀run. Mo jókòó lórí àpò gàrí, mo sunkún díẹ̀, mo nu ojú. Nígbà tó yá, mo rántí pé èèyàn kì í wọ ilé onílé láìkí wọn. Mo kúnlẹ̀ létí omi, mo ní, "Ẹ kúulé o." Odò náà ń bá tiẹ̀ lọ. Mo ti ọkọ̀ sómi.

Oòrùn tí kì í wọ̀

Nígbà ooru, oòrùn ibẹ̀ kì í wọ̀. Ńṣe ló máa ń yípo ojú ọ̀run bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn. Gèlè ni mo fi ń di ojú kí n tó lè sùn.

Ní ti ẹ̀fọn, mi ò mọ bí màá ṣe sọ ọ́ tẹ́ ẹ máa gbà mí gbọ́. Ẹ̀fọn ilé wa máa ń dúró kí ilẹ̀ ṣú. Tibẹ̀ kò ní sùúrù, ilẹ̀ kì í sì í ṣú. Wọ́n bo ìkòkò mi bí èéfín, wọ́n ń kú sínú ẹ̀bà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo ń ṣà wọ́n kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, mo ti ń gbé wọn mì pẹ̀lú ọbẹ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé mo lè mu odò náà. Mo kàn na ife sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, mo bu, mo mu. Omi tí mo dàgbà lórí rẹ̀, epo rọ̀bì ti gorí rẹ̀ kí n tó kúrò nílé. Tí a bá tukọ̀ dé, ńṣe ni àjẹ̀ máa ń dán bí ẹni fi pòmádà kùn ún. Bàbá mi máa ń sọ pé nígbà tí òun wà lọ́mọdé, tó bá ti di ìgbà òjò, ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ làwọn ti máa ń bu omi mu. A rò pé àsọdùn àgbà ni. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ mu omi odò yẹn, mo gbé ife sílẹ̀, mo ní, "Bàbá, mo gbà yín gbọ́." Mo gbọ́ ohùn ara mi, mo rí i pé èdè Ìlàjẹ ni mo fi sọ ọ́. Ó ti pẹ́ gan-an tí èdè yẹn ti wá sí mi lẹ́nu kẹ́yìn láìjẹ́ pé mo pè é.

Lọ́jọ́ keje, agbo ẹran kan bí àgbọ̀nrín, tí ìwo wọn rí bí ẹ̀ka igi, bẹ̀rẹ̀ sí í la odò kọjá níwájú mi. Mo fi àjẹ̀ lé orúnkún, mo dúró de wọ́n. Wọn ò tán bọ̀rọ̀. Bí ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ bá wọ omi, apá ibi tí omi ti ń ya bọ̀ ni ìyá máa ń wà, kí ọmọ lè lúwẹ̀ẹ́ níbi tó ti rọ̀. Gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò ya fọ́tò kankan. Ìyá mi ni mò ń rò.

Ibi tí omi ti ń já

Ìgbéraga ló dà mí sómi. Ọjọ́ kọkànlá ni, mo sì ti ń ronú pé èmi àti odò náà ti di ọ̀rẹ́. Mo dé ibi tí omi ti ń já lu àpáta. Ohun tó yẹ ni kí n gúnlẹ̀, kí n ru ẹrù, kí n fa ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ kọjá. Mo wò ó, mo ní, "Èyí náà?" Kí n tó parí ọ̀rọ̀, ọkọ̀ ti dojú dé.

Òtútù omi yẹn kì í ṣe òtútù. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n fi pákó gbá èèyàn láyà. Ọwọ́ mi kò kúrò lára okùn ọkọ̀, omi náà sì wọ́ àwa méjèèjì lọ títí tó fi tì wá sórí òkúta wẹ́wẹ́. Àpò oúnjẹ kan ti lọ. Àjẹ̀ tí mo fẹ́ràn jù ti lọ. Ìkejì rẹ̀ tí mo so mọ́ ìdí ọkọ̀ ló kù. Mo fi eyín tú okùn àgọ́, nítorí pé ìka mi kò ṣiṣẹ́ mọ́.

Ẹ̀rọ kékeré kan wà ní àyà mi tó ní bọ́tìnnì pupa. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́, wọn yóò fi bàálù wá gbé mi. Mo fi àtàǹpàkò lé e. Mo rántí ojú Tóbi. Mo ní màá kọ́kọ́ jẹun, kí n tó tẹ̀ ẹ́. Mo rẹ gàrí, mo mu ún. Mo ní kí n kàn sùn díẹ̀, tí mo bá jí màá tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo jí, mo ti ọkọ̀ sómi láìtẹ bọ́tìnnì náà. Àwọn tó bá ń pè mí ní akíkanjú, ẹ̀yin náà ti rí i báyìí: oorun ló gbé mi lọ.

Nẹ́lì

Lọ́jọ́ kẹrìndínlógún, mo rí èéfín. Kí n má purọ́, imú mi ló kọ́kọ́ rí i: èéfín ẹja ni. Ìyá arúgbó kan, ọ̀kan lára àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, wà létí omi, àgọ́ funfun wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń la ẹja, ó ń fi wọ́n kọ́ sórí igi. Mo gúnlẹ̀, mo rìn lọ bá a, mo sì kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ mi.

Ìyá náà ké, ó ju ọ̀bẹ sílẹ̀, ó sáré gbá mi lábẹ́ apá mú. "Ṣé ara rẹ kò yá ni?" ó fi gẹ̀ẹ́sì bi mí. "Níbo ló ń dùn ọ́?"

"Kò síbi tó ń dùn mí, Mà. Mò ń kí yín ni."

"Lórí orúnkún?" Ó wò mí lọ, ó wò mí bọ̀. "Dìde. Ilẹ̀ tutù."

Kò bi mí lórúkọ. Kò bi mí níbi tí mo ti ń bọ̀. Ó gbé tíì síwájú mi, búrẹ́dì tó fi ọ̀rá dín nínú páànù, àti ẹja gbígbẹ. Lọ́dọ̀ wọn, wọn kì í da ìbéèrè bo àlejò. Tó bá ti ṣetán, á sọ tẹnu rẹ̀. Ẹ wá wo èmi, ọmọ àwọn tó máa ń béèrè ilé, iṣẹ́, ọkọ àti ọmọ kí àlejò tó jókòó! Mo rò pé inú ń bí i. Mo wá ń bi í léèrè: ṣé òun nìkan ló wà níbẹ̀? Kò dáhùn. Ṣé ọjọ́ ti pẹ́ tó ti débẹ̀? Kò dáhùn. Ọjọ́ kejì ni mo tó mọ̀ pé ó ti ń dáhùn látàná: tí wọ́n bá gbé irun ojú sókè, bẹ́ẹ̀ ni ni; tí wọ́n bá fún imú pọ̀, rárá ni.

Nẹ́lì ni orúkọ rẹ̀. Mo bá a la ẹja. Mo fi bí ìyá mi ṣe máa ń ká ẹja kó tó yan án hàn án, tí yóò ki ìrù rẹ̀ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹja yìí ń jẹ ara rẹ̀!" ó ní. Ó gbé e kọ́ sáàárín tirẹ̀. Mo bu ata gígún fún un. Ó tọ́ ọ wò, ó sín nígbà mẹ́fà, ó tún na ọwọ́.

Lọ́jọ́ kẹta ló tó béèrè nǹkan kan. "Àwọn èèyàn rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n wà nílé. Mo fẹ́ dá a tù dé òkun ni, èmi nìkan."

"Lọ́dọ̀ wa," ó ní, "ẹni tó bá dá nìkan rìn jìnnà tó báyìí, ó ń wá nǹkan, tàbí ó ń sá fún nǹkan."

Mo ní mi ò mọ èwo ni tèmi. Ó gbé irun ojú sókè.

Kùrukùru

Rédíò kan wà nínú àgọ́ rẹ̀ tó fi ń bá ìlú wọn létí òkun sọ̀rọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, wọ́n pè é lórí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí àwọn òbí wọn kú, ti lọ. Ọ̀túnla ni wọ́n máa sin ín. Kùrukùru ti bo ẹnu odò, kò sí ọkọ̀ ẹ̀ńjìnnì tó lè wá gbé e, ẹ̀ńjìnnì ọkọ̀ tirẹ̀ sì ti bà jẹ́ kí n tó dé. Nẹ́lì gbọ́ ọ tán, ó pa rédíò, ó padà sídìí ẹja. Ó ń là wọ́n. Ó ń fi wọ́n kọ́.

Mo mọ ohun tó ń ṣe. Nígbà tí bàbá mi kú, mo wà ní Woolwich. Pépà mi ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba. Tí mo bá jáde, mi ò ní lè wọlé mọ́, oyún Tóbi sì wà nínú mi. Ọkọ̀ tó gbẹ́ fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi gbé pósí rẹ̀ la omi kọjá, èmi àkọ́bí rẹ̀ ló sì yẹ kí n jókòó ti orí rẹ̀. Orí fóònù ni wọ́n ti ròyìn rẹ̀ fún mi. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín, mo lọ síbi iṣẹ́, mo wẹ arúgbó mẹ́fà.

Mo ní, "Mà, ọkọ̀ tèmi kò lo ẹ̀ńjìnnì."

Ọ̀bẹ rẹ̀ dúró. "Ọ̀nà ọjọ́ méjì ni."

"Mo mọ̀."

"O ní ìwọ nìkan lo fẹ́ dé òkun."

"Mo ti dá nìkan wà tó, Mà."

Mo kó ìdajì ẹrù mi sínú àgọ́ rẹ̀, mo gbé e jókòó sí iwájú ọkọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, kùrukùru náà bò wá débi pé ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni mò ń rí. Odò náà ti pín sọ́nà púpọ̀, gbogbo rẹ̀ jọra wọn. Èmi ni apá, òun ni ojú. Á gbọ́ bí omi ṣe ń dún létí bèbè, á ní, "Ọ̀tún." Á gbóòórùn afẹ́fẹ́, á ní, "Òsì." Láàárín ìyẹn, ó ń sọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀: bó ṣe máa ń fi ẹsẹ̀ Nẹ́lì tó tutù sínú ẹ̀wù ara rẹ̀ nígbà tí Nẹ́lì wà lọ́mọdé, bó ṣe máa ń purọ́ pé òun ti yó kí Nẹ́lì lè jẹ èyí tó kù. Èjìká mi ti kú. Mi ò dúró.

Ìró agogo la kọ́kọ́ gbọ́. Àwọn ará ìlú ti mọ̀ lórí rédíò pé a ń bọ̀, wọ́n sì ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì láti àárọ̀, wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn, kí a lè fi mọ̀nà. A tẹ̀ lé e. Omi tó ta sí mi lẹ́nu ti di oníyọ̀. Òkun nìyẹn. Kí n tó rí ilẹ̀, ọwọ́ bíi mẹ́wàá ti di ọkọ̀ mú, wọ́n gbé e gòkè pẹ̀lú àwa méjèèjì nínú rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó pariwo. Wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́ níkọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan péré, wọ́n sì mú mi wọlé jẹun. Ibẹ̀ ni mo ti jẹ awọ àbùùbùtán pẹ̀lú ọ̀rá rẹ̀, ní tútù. Ó le bí àgbọn, ó sì dùn bí àgbọn. Ẹ lè sọ ìyẹn kiri Woolwich, òótọ́ ni.

Wọ́n sin ín lórí òkè kan tó kọjú sí òkun. Ilẹ̀ ibẹ̀ dì bí àpáta, àwọn ọkùnrin ti fi ọjọ́ méjì gbẹ́ ẹ. Wọ́n kọ orin ìsìn ní èdè wọn, mo mọ ohùn rẹ̀, mo sì ń fi Yorùbá bá wọn gbè é. Nígbà tó kan Nẹ́lì láti da iyẹ̀pẹ̀ sí i, ó fà mí lápá aṣọ, ó bù sí mi lọ́wọ́. "Da tìrẹ," ó ní. Mo dà á. Mo wá bú sẹ́kún, ẹkún bàbá mi tó ti wà níbẹ̀ láti ọdún mẹ́rìnlélógún, débi pé àwọn ọmọ olóògbé ló ń rẹ̀ mí lẹ́kún.

Ojú fèrèsé

Mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́ mi. Tóbi sọ fún gbogbo èèyàn pé orí ìyá òun ti yí, ó sì fi àwòrán mi nínú ọkọ̀ sójú fóònù rẹ̀. Tí mo bá ní off, mo máa ń rìn yí Birchmere, adágún omi ìtòsí ilé wa, ká, mo máa ń wo omi rẹ̀, kì í lọ síbì kankan.

Ohun tó máa ń wá sí mi lọ́kàn jù ni ọjọ́ tí mo kúrò níbẹ̀. Nẹ́lì sìn mí dé ìdí bàálù, ó di ẹja gbígbẹ fún mi nínú bébà, ó ní, "Jẹun tí o bá délé." Kò juwọ́. Bàálù náà gbéra, ó sì gba òkè odò lọ. Gbogbo ibi tí mo fi ogún ọjọ́ tù kọjá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú fèrèsé, ní kíákíá, bí ẹni ń ká aṣọ: ibì kan tí odò ti yà, ibòmíì tó tún ti yà, erékùṣù oníyanrìn kan tí mo ti fọ aṣọ. Ọ̀gbẹ́ni tó jókòó tì mí bi mí pé ṣé mo mọ odò yẹn ni. Mo gbé irun ojú mi sókè. Nígbà tó ku díẹ̀ kó dé ibi tí mo ti kọ́kọ́ wọ ọkọ̀, mo pajú dé, kí n má bàa rí i tán.